Odò Missouri ní Montana: omi ńlá, ìwọ̀ kékeré

Fúráìdé

Bààlúù wa balẹ̀ sí Great Falls lọ́sàn-án, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tá a jọ ń gbé Minneapolis. Ẹ̀gbọ́n inú ilé kọ́ o, ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọmọ Ìbàdàn, àwọn gan-an ni wọ́n kó mi wọ nǹkan yìí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi, ẹja ò ṣàjèjì sí mi rárá, àmọ́ àwọ̀n àti ìgèrè ni mo mọ̀, mi ò mọ̀ pé àgbà ọkùnrin lè dúró sínú omi tútù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí ẹja tó máa dá padà sómi.

Fún ẹni tí ò bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní fly fishing: kò sí ekòló níbẹ̀, kò sí ìjẹ kankan. Ìwọ̀ ni wọ́n máa fi òwú, ìyẹ́ adìyẹ àti irun ẹran wé títí á fi jọ kòkòrò, òun ni fláì. Fláì ò wúwo, o ò lè dá a jù kó lọ síbì kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe okùn rẹ̀ ní oníwúwo, okùn yẹn lo máa fi ọ̀pá gígùn nà síwá-sẹ́yìn títí á fi tú jáde lọ, á wá gbé fláì dání lọ. Ẹni tó bá ń fi agbára jù ú ló máa ń wé mọ́ ara ẹ̀ lọ́rùn.

A háyà mọ́tò, a gba I-15 lọ sí gúúsù. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé Cascade, lẹ́yìn ìyẹn ni òkè bá yọ lójijì, tí odò àti títì jọ há sáàárín wọn. Níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àpáta kan dá dúró sí, Tower Rock, pápá ìjọba ni báyìí, ẹ lè bọ́ọ́lẹ̀ wò ó. Ikọ̀ Lewis àti Clark, tí ìjọba Amẹ́ríkà rán láti wá ọ̀nà dé òkun Pàsífíìkì, gba ibẹ̀ kọjá lóṣù Keje 1805. Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀ pé èèyàn dúdú wà nínú ikọ̀ yẹn. Mo ní ó wà kẹ̀, York lorúkọ ẹ̀, ẹrú Clark ni, ó wakọ̀, ó ṣọdẹ, ewu tí gbogbo wọn rí lòun náà rí, ìgbà tí wọ́n padà délé ìjọba fún àwọn yòókù lówó àti ilẹ̀, York ò gba kọ́bọ̀, Clark ò sì dá a sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn erékùṣù kan wà lórí odò yìí kan náà lápá Townsend tí Clark fi orúkọ ẹ̀ pè. Ẹ̀gbọ́n mi orí. "Àbúrò, wọ́n á fi orúkọ èèyàn pe erékùṣù, wọn ò ní sanwó fún un."

Craig ò ju abúlé lọ. Afárá kan, ilé ọtí, ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ilé bíi mélòó kan, ṣọ́ọ̀bù fláì wá ń kọjú síra wọn, bọ́ọ̀tù tó wà lórí tírélà sì pọ̀ ju àwọn tó ń gbé ìlú lọ. Láísẹ́ńsì ti wà lórí fóònù wa látilé, ẹ má fi ìyẹn ṣeré, tẹ́ ẹ bá jẹ́ àlejò ẹ máa sanwó conservation license, ẹ máa sanwó ti kòkòrò omi àjèjì, kẹ́ ẹ tó wá san ti ẹja gan-an. Ti kòkòrò omi yẹn, wọn ò fi ń ṣàwàdà, torí lọ́dún 2016 ni wọ́n rí ọmọ ìṣáwùrú àjèjì nínú adágún Tiber, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti túbọ̀ ń dá bọ́ọ̀tù dúró lójú títì tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kódà bàtà tá a fi ń wọ omi, a ní láti fọ̀ ọ́ kó gbẹ kó tó wọ odò míì.

Nígbà tí mo rí odò náà láti orí afárá àyà mi já díẹ̀. Mo ti pẹja lódò kéékèèké ní Wisconsin àti ìhà gúúsù Minnesota, ibi tí mo ti lè ju okùn dé òdìkejì. Eléyìí lé ní ọgọ́rùn-ún yáàdì láti bèbè dé bèbè, omi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, 4,000 cfs àti díẹ̀ (bí omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe pọ̀ tó) ni wọ́n kọ sójú íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo máa kọjú sí. Ẹ̀gbọ́n ní ká jẹun ná.

Lóṣù Keje níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ojúmọ́ ṣì wà. A wọ omi nísàlẹ̀ afárá nígbà tí oòrùn ń lọ, caddis bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kòkòrò aláwọ̀ igi kékeré tí kì í fò tààrà, ó ń kọlu ojú wa, ó ń wọ inú etí, ó ń wọ ẹnu ẹ̀gbọ́n níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ẹja ń já omi lọ́tùn-ún lósì. Mo ju fláì síbí, mo jù ú sọ́hùn-ún, ibi tí mo bá ti gbọ́ ariwo ni mò ń kọjú sí. Ẹ̀gbọ́n dúró sójú kan tí wọn ò tiẹ̀ rìn, wọ́n mú méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn ò sọ nǹkan kan, àmọ́ mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Sátidé

Òní ni ọjọ́ gáìdì. Owó ẹ̀ ò kéré, ó lé ní 600 dọ́là lójúmọ́ fún èèyàn méjì, tíìpù ò sí níbẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé odò tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, tó sì tóbi báyìí, ẹ sanwó yẹn lọ́jọ́ kìíní, ẹ máa fi àwọn ọjọ́ tó kù jèrè ẹ̀. Arábìnrin kan ni gáìdì wa, apá ẹ̀ le gan-an, kì í sọ̀rọ̀ jù. Drift boat ló ń lò, bọ́ọ̀tù tí ìdí ẹ̀ tẹ́jú, tí imú àti ìdí rẹ̀ gbé sókè. Ó jókòó láàárín ó ń tukọ̀, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe pé ó ń tu ọkọ̀ síwájú, ṣe ló ń tu sẹ́yìn kí bọ́ọ̀tù lè máa rìn lọ́gbọọgba pẹ̀lú omi. Iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ni kí fláì wa máa rìn bí kòkòrò tí ẹnikẹ́ni ò so mọ́ nǹkan kan.

Ìdí dáàmù Holter la ti gbéra. Ọdún 1918 ni wọ́n parí ẹ̀. Dáàmù mẹ́ta ló tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, Canyon Ferry lókè pátápátá, ti 1954, lẹ́yìn náà Hauser, kó tó wá kan Holter. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sí Hauser, irin ni wọ́n fi ṣe é, ó já lóṣù Kẹrin 1908, omi ya lọ sísàlẹ̀ odò, wọ́n wá tún òmíràn kọ́. Mo bi gáìdì pé ṣé dáàmù ò ba odò jẹ́ ni. Ó ní ó ba nǹkan kan jẹ́, ó tún nǹkan míì ṣe, torí àwọn dáàmù yìí ni omi kì í fi í ga jù kì í sì í fà jù, yìnyín kì í fọ́ ọ, ẹrẹ̀ máa ń jókòó sínú adágún lókè, omi tó bá jáde mọ́, koríko hù nísàlẹ̀ rẹ̀, inú koríko yẹn ni kòkòrò kún fọ́fọ́. Níbi tí kòkòrò bá pọ̀ dé báyẹn, ẹja á sanra. Apá Craig yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tráòtì, ẹja tá a tìtorí ẹ̀ wá, ló wà nínú máìlì kan ṣoṣo.

Àárọ̀, abẹ́ omi la ti pẹja. Fláì méjì tó ń rì, òjé kékeré lókè wọn, ohun pupa kan tó ń léfòó lórí okùn kó lè fi hàn wá bí nǹkan bá gbé e. Sowbug la fi ṣe àkọ́kọ́, kòkòrò eléérú kan tó ń gbé inú koríko tó wà nísàlẹ̀ dáàmù. Gáìdì ń pè é fún wa: "Jù ú síwájú díẹ̀. Gbé okùn sókè odò. Fi sílẹ̀. Fa ọ̀pá!" Mo máa ní koríko ni, á ní fà á ṣáà, òun ò bi mí. Òótọ́ ni, ìgbà míì koríko ni, ìgbà míì rénbò ni, irú tráòtì kan, á fò jáde kúrò lómi kó o tó mọ̀ pé ó ti mú un. Wọ́n lágbára ju tàwọn odò tiwa lọ, inṣi 17, inṣi 18, ẹ̀yìn wọn nípọn, ìlà pupa ẹ̀gbẹ́ wọn pọ́n gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mú whitefish kan, wọ́n yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ wọ́n. Gbogbo àwọn apẹja tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, wọn ò kà á kún ẹja. Èmi ò fara mọ́ ọn. Whitefish ni ọmọ bíbí odò yìí, rénbò tí wọ́n ń yà ní fọ́tò, apá Pàsífíìkì ni wọ́n ti kó o wá, búráùn, irú tráòtì míì, ilẹ̀ Yúróòpù, ẹyin rẹ̀ àkọ́kọ́ wọ Amẹ́ríkà láti Jámánì lọ́dún 1883. Tráòtì tó jẹ́ onílé níbí ni cutthroat, òun ni Silas Goodrich, apẹja inú ikọ̀ Lewis àti Clark, fi ìwọ̀ mú nídìí ìṣàn omi Great Falls ní June 13, 1805, orúkọ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ tipẹ́ ni Oncorhynchus clarkii lewisi, wọ́n fi ti àwọn ọ̀gá méjèèjì sí i. Ẹ wá a lọ sínú Missouri ńlá yìí báyìí, kò wọ́pọ̀ mọ́. Àlejò ti gba yàrá, onílé ti kó lọ sínú odò kéékèèké orí òkè. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ àlejò jù, pé àwa náà ní páálí.

Àmọ́ ẹja wọ̀nyí, àlejò tí wọ́n bí síbẹ̀ ni o. Èyí wù mí púpọ̀ nígbà tí gáìdì sọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ a máa tọ́ ẹja nínú ọ̀gbà, wọ́n á kó o da sódò lọ́dọọdún. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣèwádìí ẹja fún wọn, Dick Vincent, wá ṣàyẹ̀wò odò Madison, ó rí i pé ibi tí wọ́n ti ń da ẹja ọ̀gbà sí gan-an ni ẹja tó dàgbà fúnra ẹ̀ ti ń dín kù. Àwọn tó ń ta nǹkan fún apẹja bínú, àwọn apẹja náà bínú, síbẹ̀ lọ́dún 1974 Montana dáwọ́ ẹ̀ dúró lórí àwọn odò, ẹja wá pọ̀ sí i. Látìgbà yẹn, ẹja tó bá wà lódò, ó yé ara ẹ̀ ni. Rénbò inú Missouri yìí máa ń gòkè lọ yé ẹyin sínú odò kéékèèké méjì, Little Prickly Pear àti Dearborn, nígbà ìrúwé, wọ́n á tún padà wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán a tún fi nymph, fláì tó ń rì yẹn, pẹ títí a fi dé Craig. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ nígbà tó yá mo rí i pé gáìdì ló ń pẹja, ọwọ́ tèmi ló ń lò. Òun ló mọ ibi tí ẹja wà, òun ló fi bọ́ọ̀tù síbẹ̀, òun ló ń sọ ìgbà tí mo máa fà. Kó tó lọ, mo bi í pé tó bá jẹ́ pé òun ni, ibo ló máa lọ lọ́la láìsí bọ́ọ̀tù. Ó fi ìka han ẹ̀yìn erékùṣù kan lórí máàpù fóònù mi, ó ní kẹ́ ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́fà tó lù, kẹ́ ẹ má wọ omi.

Ìyàwó mi pè lálẹ́. "Ẹ mú ẹja?" Mo ní a mú púpọ̀. "Èló lẹ máa kó bọ̀?" Mo ní a dá gbogbo ẹ̀ padà sódò. Kò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú kan. "Ẹ fowó wọ bààlúù lọ dá ẹja padà sódò." Mo fún ẹ̀gbọ́n ní fóònù, kí wọ́n bá mi ṣàlàyé, wọ́n ní fóònù wọn ń dún, wọ́n jáde.

Sọ́ńdè

Tọ́jọ́ mìíràn bá wà tí mo máa fẹ́ tún gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òní ni.

A dé ẹ̀yìn erékùṣù yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Òtútù mú, lóṣù Keje! Kò sí nǹkan kan lójú omi. A jókòó sórí koríko, ẹ̀gbọ́n fi kọfí sẹ́nu, èmi ti ń di okùn mọ́ ọ̀pá, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀.

Trico la wá bá. Kòkòrò yìí kéré débi tó jẹ́ pé tó bá bà sí èékánná yín, àyè ṣì ṣẹ́ kù. Akọ wọn máa ń jáde kúrò lómi lóru, abo ní ìdájí, wọ́n á bọ́ awọ, wọ́n á wá kóra jọ sókè afẹ́fẹ́ létí odò láti gùn. Nígbà tí oòrùn yọ lórí òkè mo rí wọn, wọ́n dúdú lọ súà lókè igi, wọ́n ń lọ sókè sódò láìdúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Afẹ́fẹ́ ní láti gbóná díẹ̀ kí wọ́n tó já bọ́, nǹkan bíi 68 Fahrenheit ni wọ́n sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù. Abo á yé ẹyin sójú omi, iṣẹ́ tán nìyẹn, wọ́n á na ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n á kú, omi á máa gbé wọn lọ. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, mo wolẹ̀ wo ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, àfi bíi ká da gàrí sómi, kí èyí tó fúyẹ́ léfòó bo gbogbo òkè ẹ̀.

Ẹja wá bẹ̀rẹ̀. Kò dà bíi ti alẹ́ Fúráìdé o. Kò sí pé wọ́n ń fò, kò sí ariwo. Imú ni wọ́n kàn ń yọ, imú dúdú kékeré, pẹ́, pẹ́, pẹ́, wọ́n tò síbi kan níwájú wa, bíi mẹ́wàá, bíi méjìlá. Mo ní ẹja kéékèèké ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní wo àlàfo tó wà láàárín imú àti ìrù nígbà tó bá yọ, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ nìyẹn.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé oúnjẹ ti pọ̀ jù. Ẹja tó rí ọgọ́rùn-ún kòkòrò láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ló máa tìtorí ẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ó dúró sójú kan, ó la ẹnu, omi ń gbé e wá bá a. Tí fláì yín bá gba ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sọ́tùn-ún, kò ní wá. Tó bá kọjá nígbà tí ẹnu ẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò rí i. Tí okùn bá fa fláì díẹ̀ báyìí, tó wá ń sáré ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ, ó ti mọ̀. Mo jù, mo jù, mo jù. Mo pààrọ̀ fláì. Mo pààrọ̀ ẹnu okùn sí 6X, nọ́ńbà okùn tó tín-ín-rín débi tí mi ò fi rí i mọ́. Fláì gan-an mi ò rí i, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tèmi láàárín gbogbo òkú kòkòrò yẹn?

Ẹ̀gbọ́n ti mú kan, wọ́n sì ti dá a padà, wọ́n wá dúró tì mí.

"Kí lò ń wò?"

Mo ní mò ń wo àwọn ẹja yẹn.

"Èwo nínú wọn?"

Mi ò lè dáhùn. Wọ́n ní gbàgbé odò, gbàgbé pé ó fẹ̀, gbàgbé àwọn mọ́kànlá, mú ẹyọ kan. Ẹni tó bá ju okùn sáàárín gbogbo wọn, kò jù ú sí ẹnikẹ́ni. Mo wá mú èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá lápá ọ̀dọ̀ wa, torí tí mo bá mú ti àárín tó sì ń jà, gbogbo wọn á sá. Wọ́n ní kí n má jù nǹkan kan, kí n kàn máa kà á. Ó yọ, mo kà, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó tún yọ. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó ń fi ẹ̀ẹ̀kan pẹ́, ó ń fi ẹ̀ẹ̀kan yá, àmọ́ ojú kan náà ló ń yọ sí, kò kúrò.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká rìn yí i po, ká gba òkè odò. Tẹ́lẹ̀ ẹ̀yìn ẹja ni mo dúró sí, bí mo ṣe kọ́ ọ lódò kéékèèké, àmọ́ níbí, okùn ló kọ́kọ́ ń kọjá lórí ẹ̀ kí fláì tó dé. Láti òkè, fláì ló máa kọ́kọ́ rí. A rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìdajì omi orúnkún, kí omi má baà ru. Ẹ̀gbọ́n bọ́ fláì mi kúrò, wọ́n fi èyí tí wọ́n di trico méjì pọ̀ sórí ìwọ̀ kan sí i, wọ́n ní ojú máa rí i, ẹja náà máa ń fẹ́ràn kó fi ẹnu kan kó méjì. Mo jù ú sókè ẹja yẹn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo tẹ ọ̀pá sọ́tùn-ún bó ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀, mo ń ju okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má fà. Ó kọjá lórí ẹ̀, kò mú un. Mo jẹ́ kó lọ jìnnà kí n tó gbé e. Mo tún jù. Mo ń kà lẹ́nu. Ó ku díẹ̀ kó dé, imú yọ, fláì ò sí mọ́.

Mo gbé ọ̀pá sókè, jẹ́jẹ́, torí 6X. Fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó bá tirẹ̀ lọ. Rílì ń ké, okùn aláwọ̀ yẹ́lò tán, ó kan èyí tó wà nídìí ẹ̀ tí mi ò rí rí látọjọ́ tí mo ti rà á. "Má fọwọ́ kàn án! Jẹ́ kó lọ!" Mo sáré tẹ̀ lé e lẹ́bàá odò pẹ̀lú wédà (ṣòkòtò omi) lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń sáré lẹ́yìn mi pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, àgbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún o, ọkùnrin òyìnbó kan tó wà nínú bọ́ọ̀tù dúró ó ń pàtẹ́wọ́. Ó tó ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó wọ nẹ́ẹ̀tì. Rénbò ni, akọ, inṣi 20 dín díẹ̀, ìwọ̀ tó tó orí abẹ́rẹ́ wà níkángun ètè ẹ̀. Mo fi ọwọ́ rin omi kí n tó fọwọ́ kàn án, a ò gbé e kúrò lómi, mo di ìdí ìrù ẹ̀ mú kó mí, ó ta ìrù, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n ò ya fọ́tò torí fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń sáré, a padà rí i nínú koríko.

Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, gbogbo ẹ̀ ti parí. Omi padà sí bó ṣe wà, èèyàn tó bá dé lásìkò yẹn á ní kò sí ẹja lódò yìí. A jókòó sínú mọ́tò, ẹ̀gbọ́n ṣí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wa lórí fóònù, nẹ́tíwọ̀kì ń já, pásítọ̀ ń sọ gbólóhùn kan ó ń dúró, ni mo bá sùn lọ kó tó kan ọrẹ.

Mọ́ńdè

Atẹ́gùn. Látàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Montana, ẹ fi atẹ́gùn sínú ètò yín. Trico ò tiẹ̀ lè kóra jọ lókè, a dúró tì wọ́n títí aago mẹ́sàn-án, a bá kúrò.

A lọ sísàlẹ̀ Dearborn, níbi tí odò ti wọ àárín àpáta gíga, Mid Canon la gbé mọ́tò sí. Ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ilé ńláńlá kọjú sí omi, mo ń wò wọ́n pé wọn ò ní lé wa báyìí? Ẹ̀gbọ́n ní wọn ò lè lé wa. Òfin kan wà ní Montana látọdún 1985 tó sọ pé odò jẹ́ ti gbogbo èèyàn, tó o bá ti gba ibi tó tọ́ wọlé, láti ojú títì tó kọjá lórí afárá tàbí ibi tí ìjọba ṣe, o lè rìn lọ títí, bó o bá ṣáà ti wà láàárín ibi tí omi máa ń kún dé. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ tó yí wọn ká ló ní irú ẹ̀. Àwọn olówó ti pè é lẹ́jọ́ títí, ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé òfin yìí tóbi ju gbogbo ẹja tó wà lódò náà lọ, torí kí ni ànfààní ẹja fún ẹni tí wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ omi?

Atẹ́gùn yẹn ṣe wá ní oore kan: ó ń gbá tata bọ́ sómi. A fi fláì tata ńlá sí i, a ń jù ú sún mọ́ bèbè pẹ́kípẹ́kí, kò ju ẹsẹ̀ kan sí koríko lọ. Ìyẹn náà tún ni, odò ńlá, àmọ́ inú ẹsẹ̀ kan tó wà létí bèbè ni gbogbo iṣẹ́ wà. Búráùn kan jáde wá láti abẹ́ gbòǹgbò ó gbá a, ariwo ẹ̀ dún gbì! Ẹ̀gbọ́n ló mú un, ara ẹ̀ yẹ́lò, tó-tò-tó dúdú àti pupa lára ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀nà tó padà sí mọ́tò, nǹkan dún ṣẹ̀ẹ́ẹ́ẹ́ nínú òkúta. Rattlesnake, ejò olóró. Ọmọ Ìbàdàn tó sọ lánàá pé orúnkún ń dun òun, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé orí àpáta tó kàn, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán gbóná gan-an. Ní ṣọ́ọ̀bù wọ́n ń sọ pé tí omi bá gbóná dé 73 Fahrenheit lọ́jọ́ mẹ́ta léra, ìjọba lè kéde pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pẹja láti aago méjì ọ̀sán títí di òru, torí omi gbígbóná ò ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀ nínú, ẹja tó bá jà tán nínú ẹ̀, ẹ lè dá a padà kó sì kú lẹ́yìn yín. Wọn ò tíì kéde ẹ̀ fún tiwa, àmọ́ àwa fúnra wa dáwọ́ dúró. A jẹ búrẹ́dì àti ẹran, a sùn.

Túsìdeè

Atẹ́gùn rọlẹ̀, trico padà wá, mo mú kan, mo pàdánù èyí tó tóbi jù ú lọ, ó já 6X lọ sínú koríko. Ẹ̀gbọ́n ò mú nǹkan kan, wọ́n ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún mi ni. Ó dára.

Bààlúù di ìrọ̀lẹ́, a wá yà sí Giant Springs ní Great Falls kí àsìkò tó tó. Ìsun omi ńlá kan ni, omi tútù ń tú jáde láti abẹ́ àpáta wọ Missouri tààrà, 54 Fahrenheit ni lẹ́ẹ̀rùn àti nígbà òtútù, Clark ti rí i ní June 1805. Ibi tí ìjọba ti ń tọ́ ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, rénbò ńláńlá ń wẹ̀ nínú ẹ̀ lábẹ́ ojú wa, àwọn ọmọdé ń ju oúnjẹ sí wọn. Adágún ni wọ́n ń kó àwọn ìyẹn lọ, kì í ṣe odò, bí mo ṣe sọ lókè. Ẹ̀gbọ́n kẹ́sẹ̀ sórí bèbè sìmẹ́ǹtì, wọ́n wo ẹja tó sanra jù, wọ́n ní ó ń yọ lójú kan náà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín èjì.

Ọ̀rọ̀ tá a ń jà lé lórí títí a fi wọ bààlúù ni ìgbà tá a máa padà. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ October: òtútù, ìkuùkù, kòkòrò Blue-Winged Olive tó máa ń jáde lọ́sàn-án tójú ọjọ́ bá ṣú, búráùn á máa múra láti yé ẹyin, wọ́n á máa bínú, wọ́n á máa lé fláì ńláńlá. Èmi ní June, torí PMD (Pale Morning Dun), kòkòrò yẹn tóbi ju trico lọ, ojú mi á rí i, omi sì tutù fún ẹja. Wọ́n ní June ni gbogbo ayé ń lọ, bọ́ọ̀tù á há mọ́ra. Mo ní tí búráùn bá ń yé ẹyin, kò yẹ ká máa tẹ orí ìtẹ́ wọn. Wọ́n ní ta ló ní àwọn fẹ́ tẹ ìtẹ́? Èèyàn á wo ìsàlẹ̀ omi, ibi tí òkúta bá ti mọ́ funfun á yà fún un. Mo ní kí wọ́n lọ sọ fún ìyàwó mi pé October ni, kí wọ́n fi fóònù tiwọn pè é, wọ́n ní àwọn á rò ó.